Iná Pupa Lójú Dáṣíbọ́ọ̀dù: Kí Ló Ń Sọ?

Ẹ̀kọ́ tòní kò jìnnà sí wa rárá. Ọ̀pọ̀ wa ló ń wọ mọ́tò láàárín Ọ̀wọ̀, Ìpele, Ìdóàní àti Ìfọ́n, púpọ̀ nínú àwọn mọ́tò náà sì dàgbà ju àwa tí a jókòó sínú wọn lọ. Bí ẹ bá jókòó níwájú, ẹ wo dáṣíbọ́ọ̀dù dáadáa. Àmì róbótó pupa kan wà níbẹ̀ tó ní àmì ìyanu (!) nínú. Iná bíréèkì nìyẹn.

Àwọn dírẹ́bà kan á ní, "Ó ti pẹ́ tó ti ń tàn, kò ṣe nǹkan kan." Àwọn mìíràn á ní kí rẹwáyà yọ gílóòbù rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó pa ońṣẹ́ kò tíì pa ìròyìn tó mú wá.

BÍRÉÈKÌ ÀTI FÍSÍÌSÌ

Blaise Pascal, ọmọ ilẹ̀ Faransé (1623–1662), kọ́ wa pé bí a bá tẹ omi tó wà nínú ohun tí a dé pa, ìtẹ̀ náà á dé ibi gbogbo lọ́gbọọgba. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Bí ipá 200 N bá ti písítìnì tó fẹ̀ tó 4 cm², ìtẹ̀ jẹ́ 50 N lórí cm² kọ̀ọ̀kan. Bí písítìnì ìdí táyà bá fẹ̀ tó 20 cm², 50 × 20 = 1000 N ni yóò fi ti páàdì mọ́ díìsì. Bí óìlì bá jò tí afẹ́fẹ́ sì wọlé ńkọ́? Afẹ́fẹ́ máa ń sún kì, ẹsẹ̀ á kàn rì wọlẹ̀ lásán ni.

KÍ LÓ Ń TAN INÁ NÁÀ?

1. Hándibíréèkì tí a kò tú sílẹ̀ tán. Ẹ tú u pátápátá. Bí iná bá kú, ó parí.

2. Óìlì bíréèkì tó lọ sílẹ̀. Ike rẹ̀ wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n kọ MIN àti MAX sí i lára. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò, nǹkan kan ń léfòó nínú ike náà. Bí óìlì bá dín, òun náà á sọ̀ kalẹ̀, iná á tàn. Ìdí nìyẹn tí iná míì fi máa ń tàn lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tàbí ní kọ́nà, tí á sì tún kú ní ojú títẹ́.

3. Wáyà tàbí súwíìṣì tó bàjẹ́. Ẹ yẹ 1 àti 2 wò kí ẹ tó dá wáyà lẹ́bi.

Ẹ fi èyí sọ́kàn o: óìlì bíréèkì kì í jó tán bíi pẹtiróòlù. Bó bá dín, ó níbi tó lọ. Yálà páàdì ti jẹ, tí óìlì tẹ̀lé písítìnì jáde, tàbí ó ń jò. Nítorí náà, bíbu òmíràn sí i nìkan kì í ṣe àtúnṣe. Irú tí wọ́n kọ sórí ìdérí, DOT 3 tàbí DOT 4, ni kí ẹ lò. Ẹ má da óìlì ẹ́ńjìnnì sí i láé, ó máa ń wú rọ́bà inú rẹ̀.

BÓ BÁ TÀN LÓJÚ Ọ̀NÀ

Kí dírẹ́bà dín eré kù, kó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ẹsẹ̀ bá ń rì, kó tẹ bíréèkì léraléra, kó lo jíà kékeré, kó sì fa hándibíréèkì díẹ̀díẹ̀. Bó bá ti dúró, kó má wà á mọ́. Kó pe mẹkáníìkì. Lórí eré 80 km láàárín wákàtí kan, mọ́tò ń jẹ mítà 22 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo!

Àwa tí a jẹ́ èrò ńkọ́? Ẹ má dákẹ́. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, iná bíréèkì yín ń tàn o." Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àfojúdi.

Ẹ DÁN ARA YÍN WÒ

(a) Kí ló dé tí óìlì fi ń dín bí páàdì bá jẹ?
(b) Bí písítìnì ìdí táyà bá fẹ̀ tó 30 cm², ipá wo ni yóò ní?