ÌPALẸ̀MỌ́ ỌMỌDÉ ÀTI ẸBÍ FÚN IṢẸ́-ABẸ ÀLỌ-ÀBỌ̀

Iṣẹ́: Ẹ̀kọ́ Ìlera
Kíláàsì: SS 2
Àkókò: Ìṣẹ́jú 40
Èrèdí: Ní òpin ẹ̀kọ́ yìí, akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè sọ ìtumọ̀ iṣẹ́-abẹ àlọ-àbọ̀, yóò lè ka irú rẹ̀, yóò sì lè ṣírò wákàtí ààwẹ̀ ọmọ láì ṣì í.

ÌTUMỌ̀
1. Iṣẹ́-abẹ àlọ-àbọ̀ ni iṣẹ́-abẹ tí wọ́n ṣe fún aláìsàn, tí ó sì padà sílé lọ́jọ́ kan náà láì sun wọ́ọ̀dù.
2. Ìmúnisùn ni lílo oògùn láti mú aláìsàn sùn fọnfọn, kí ó má baà mọ ìrora abẹ.
3. Ààwẹ̀ abẹ ni àkókò tí ọmọ kò gbọdọ̀ jẹ, tí kò sì gbọdọ̀ mu, ṣáájú ìmúnisùn.
4. Ìwé ìfọwọ́sí ni ìwé tí òbí tàbí alágbàtọ́ bu ọwọ́ lù lẹ́yìn tí dókítà bá ti ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún un. Ẹni tí kò bá mọ̀wé kà ní ẹ̀tọ́ kí wọ́n ṣàlàyé fún un ní Yorùbá kó tó tẹ̀ka.

ÌTÀN NÍ ṢÓKÍ
1. Ní 1909, James Nicoll, dókítà oníṣẹ́-abẹ ní Glasgow ní Scotland, kọ ìròyìn iṣẹ́-abẹ 8,988 tí wọ́n ṣe láàárín ọdún 10 láì dá aláìsàn dúró sí wọ́ọ̀dù. Ọmọdé ló pọ̀ jù nínú wọn.
2. Nicoll gbà pé ọwọ́ ìyá ni ìkókó ti ń rí ìtọ́jú tó dára jù.
3. Ní Ìbàdàn, ilé ìwòsàn UCH tó wà ní Oríta Mẹ́fà ṣí ní 1957. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń darí ọ̀pọ̀ ọmọ láti Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà sí bí ọ̀ràn bá ju agbára ilé ìwòsàn kékeré lọ.

IRÚ Ọ̀RÀN TÍ WỌ́N MÁA Ń ṢE IṢẸ́-ABẸ ÀLỌ-ÀBỌ̀ FÚN
1. Ìpá: ìfun máa ń yọ níbi tí itan ti pàdé ikùn, ó sì lè sọ̀kalẹ̀ sínú àpò ẹpọ̀n. Èyí kì í lọ fúnra rẹ̀. Bí ó bá le, tí kò padà, tí ọmọ ń bì, ọ̀ràn pàjáwìrì ni, kì í ṣe àlọ-àbọ̀ mọ́.
2. Ìdodo tó yọ: púpọ̀ nínú rẹ̀ máa ń pa dé kí ọmọ tó pé ọdún márùn-ún. Owó ẹyọ tí àwọn kan ń fi ọ̀já dì mọ́ ìdodo kì í wò ó; ó lè bó awọ ọmọ.
3. Kóró ẹpọ̀n tí kò sọ̀kalẹ̀.
4. Ilà kíkọ fún ọkùnrin tó ti kúrò ní ìkókó, àti kókó kéékèèké lára.

ÀWỌN TÍ WỌ́N SÁBÀ MÁA Ń DÁ DÚRÓ SÙN
1. Ìkókó tí oṣù rẹ̀ kò pé kí wọ́n tó bí i, nítorí pé èémí rẹ̀ lè dá lẹ́yìn ìmúnisùn.
2. Ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń yẹ jínótáìpù wò ṣáájú.
3. Ọmọ tí ilé rẹ̀ jìn, tí kò sì sí ọkọ̀ lóru.

ÌPALẸ̀MỌ́ ỌMỌ
1. Òtítọ́ ni ìpìlẹ̀. Ọmọ tí wọ́n sọ fún pé ọjà Bódìjà ni wọ́n ń lọ, tó wá bá ara rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, kò ní gba ìyá rẹ̀ gbọ́ lọ́jọ́ mìíràn. Irọ́ yìí ń ba ìpalẹ̀mọ́ jẹ́.
2. Ọmọ ọdún mẹ́ta sí márùn-ún: ọjọ́ kan tàbí méjì ṣáájú ni kí wọ́n sọ fún un, ní ọ̀rọ̀ kúkúrú: “Dókítà máa tún ibi tó wú yìí ṣe. O máa sùn. Bí o bá jí, màá wà níbẹ̀.”
3. Ọmọ tó dàgbà jù bẹ́ẹ̀: bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí ó lè rí àyè béèrè ọ̀rọ̀.
4. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi dókítà dẹ́rù ba ọmọ. “Màá ní kí wọ́n gún ẹ lábẹ́rẹ́” tí wọ́n fi ń bá ọmọ wí nílé ni ọmọ yóò rántí ní ẹnu ọ̀nà yàrá abẹ.

ÌPALẸ̀MỌ́ ẸBÍ
1. Kí àgbàlagbà méjì tẹ̀lé ọmọ: ọ̀kan fún ọmọ, ọ̀kan fún ìwé, owó àti oògùn.
2. Kí wọ́n sọ gbogbo oògùn tí ọmọ ń lò, àgbo pẹ̀lú. Dókítà kò béèrè àgbo láti fi bú ẹnikẹ́ni. Àwọn egbòogi kan lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dà púpọ̀ nígbà iṣẹ́-abẹ.
3. Ìlẹ̀kẹ̀ ìdí, yẹtí àti ońdè ni kí àgbà ilé tú nílé. Ó sàn ju kí wọ́n fi sísọ́ọ̀sì gé e ní ilé ìwòsàn. Kí wọ́n má lé làálì fún ọmọ, kí wọ́n sì nu ọ̀dà èékánná kúrò, nítorí pé àwọ̀ èékánná ń sọ bí èémí ọmọ ṣe rí.
4. Bí ẹbí bá wà nínú ètò adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ (OYSHIA), kí wọ́n béèrè ṣáájú ohun tí ètò náà yóò san.
5. Ará Ìjàyè, Ìrókò tàbí Àkànràn tó bá ní mọ̀lẹ́bí nígboro, kí ó sùn níbẹ̀ lálẹ́ tó ṣáájú àti lálẹ́ tó tẹ̀ lé e.

ÀÀWẸ̀ ABẸ
1. Ìdí: oògùn ìmúnisùn máa ń mú ọ̀fun dẹ̀. Oúnjẹ tó wà nínú ikùn lè gòkè wá, kí ó sì bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Èyí lè pa ọmọ.
2. Òfin tí wọ́n sábà ń lò: oúnjẹ dúró ní wákàtí 6 ṣáájú, ọmú ìyá, wákàtí 4, omi lásán, wákàtí 2. Oúnjẹ olóròóró bí àkàrà gbà ju 6 lọ. Bí ilé ìwòsàn bá fún ẹbí ní aago tirẹ̀, aago yẹn ni kí wọ́n tẹ̀ lé.
3. Àpẹẹrẹ: iṣẹ́-abẹ aago 8 àárọ̀. Oúnjẹ parí ní aago 2 òru, ìyẹn ni pé oúnjẹ alẹ́ ni ìkẹyìn. Ìyá á fún ìkókó lọ́mú kẹ́yìn ní aago 4 ìdájí. Omi parí ní aago 6.
4. Ẹ̀kọ mímu kì í ṣe omi. Mílíìkì, àgbo àti tíì oní-mílíìkì kì í ṣe omi.
5. Ebi àpọ̀jù náà léwu fún ọmọ kékeré. Kí wọ́n má fi ebi pa á láti ọ̀sán àná.
6. Gbogbo agbo-ilé ló gbọdọ̀ mọ̀. Ìyá àgbà tó gbọ́ ẹkún ọmọ ní ìdájí, tó sì fún un ní búrẹ́dì, kò ṣe é láti ṣe ibi: wọn kò sọ ìdí fún un ni.
7. Bí ọmọ bá ti jẹun, kí wọ́n sọ. Wọn á sún ọjọ́ síwájú, ẹ̀mí ò sì ní bọ́.

ÌṢÒRO
1. Ikọ́, ibà tàbí ọ̀fìnkìn lọ́jọ́ náà. Àwọn kan máa ń fi pamọ́ nítorí owó ọkọ̀ tí wọ́n ti ná. Èémí ọmọ tí àyà rẹ̀ ń dún lè dí lábẹ́ ìmúnisùn.
2. Ọkọ̀ àbọ̀. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ń tòògbé. Ọ̀kadà kò yẹ ẹ́. Takisí Micra tàbí ọkọ̀ aládùúgbò ló dára.
3. Ojú abẹ. Kò gba eérú, kò gba epo, kò gba omi odò.

ÀMÌ TÍ WỌ́N FI Ń PADÀ SÍ ILÉ ÌWÒSÀN LỌ́JỌ́ NÁÀ
Ẹ̀jẹ̀ tí kò dá, èébì tí kò dúró, ibà, àìtọ̀, èémí tó ń ṣòro, ìrora tí oògùn dókítà kò bù.

ÌDÁNWÒ
1. Iṣẹ́-abẹ ìkókó kan wà fún aago 10 àárọ̀. Aago mélòó ni ìyá yóò fún un lọ́mú kẹ́yìn?
2. Dárúkọ ọmọ méjì tí kò yẹ fún àlọ-àbọ̀, kí o sọ ìdí.

IṢẸ́ ÀṢETILÉWÁ
Ka abala “Ààwẹ̀ Abẹ” fún ìyá àgbà kan nínú agbo-ilé rẹ lálẹ́ òní, kí o sì ní kí ó sọ ìdí rẹ̀ padà fún ọ.