Ìgboyà Akẹ́kọ̀ọ́ Nọ́ọ̀sì Nínú Kíkọ́ Bí A Ṣe Ń Fi Dírípù sí Aláìsàn Lára

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí yẹ̀ wò ni bí akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ṣe ń ní ìgboyà láti ki káńnúlà, ìyẹn ọ̀pá ike tín-ín-rín tí dírípù ń gbà wọlé, bọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ aláìsàn. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ń gbọ̀n, aláìsàn ni yóò jẹ̀rora. Bí ó bá sì ní ìgboyà láìní ìmọ̀, ewu náà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Albert Bandura ṣàlàyé ní ọdún 1977 pé orísun mẹ́rin ni irú ìgboyà bẹ́ẹ̀ ní: àṣeyọrí ẹni fúnra ẹni, wíwo ẹlòmíràn, ọ̀rọ̀ ìyànjú, àti bí ara àti ọkàn ṣe rí. Èyí àkọ́kọ́ ni ó kà sí alágbára jù lọ.

Nítorí náà, ìyìn olùkọ́ nìkan kò tó. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ wo olùkọ́. Kí ó fi apá àtọwọ́dá kọ́ bí a ṣe ń wá iṣan àti bí a ṣe ń gún un, léraléra. Lẹ́yìn náà ni kí ó dé ọ̀dọ̀ aláìsàn, pẹ̀lú olùkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ó bá ṣì í gún, kí a jọ wá ìdí rẹ̀, kí a má ṣe dójú tì í.

Lákòótán, ìgboyà kì í ṣe ẹ̀rí ìmọ̀. Kí a gbọ́ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ sọ nípa ara rẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni kí a fi dán an wò. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó yẹ kí ó rí fún akẹ́kọ̀ọ́ tiwa tí ó ń múra àtidúró níwájú kíláàsì.