Ká Tó Kó Kúrò Lójú Òpó Àtijọ́

Bí onírèsé bá kọ̀ tí kò fíngbá mọ́, èyí tó ti fín sílẹ̀ kò lè parun. Àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀, n kò sì bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi òwe náà léèrè ọ̀rọ̀ kan: ta ló ń tọ́jú igbá? Igbá fínfín kò parun nítorí pé ó ti tú ká sọ́wọ́ ẹni púpọ̀. Ọ̀kan wà lára ògiri ìyá àgbà, ọ̀kan bá ìyàwó lọ sílé ọkọ, ọ̀kan wà lọ́jà lọ́wọ́ alágbàtà. Ká ní inú yàrá kan ṣoṣo ni gbogbo wọn wà ni, ọjọ́ tí iná bá ran yàrá náà, òwe di irọ́. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ wa lónìí ló ti kó gbogbo igbá wọn sínú yàrá kan bẹ́ẹ̀. Fóònù akọ̀wé ni yàrá ọ̀hún.

Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí. Ká sọ pé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kan ti wà lórí WhatsApp fún ọdún gbọọrọ. Lójijì ni ọ̀rọ̀ dé láti ọ̀dọ̀ ádímìn: “Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn wa. A ti ṣí ojú òpó tuntun. Ẹ tẹ líǹkì yìí kẹ́ ẹ wọlé.” Kílẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ìdajì ẹgbẹ́ ti wọlé. Láàárín oṣù kan, ojú òpó àtijọ́ á dákẹ́ lọ gbári. Nígbà tó bá yá, fóònù á kún, àwọn èèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í pa á rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìdí tí ẹgbẹ́ fi ń kó pọ̀. Láti ọdún 2016 títí di 2022, èèyàn 256 péré ni WhatsApp ń gbà sójú òpó kan. Ẹgbẹ́ tó ní ọmọ n’Íbàdàn, ní London àti ní Houston kì í pẹ́ kún un. Iye náà ti di 1,024 báyìí, síbẹ̀ kíkó kò dáwọ́ dúró. Ìjà láàárín àwọn ádímìn ló lé òmíràn kúrò. Òmíràn ń wá ibi tí fáìlì ńlá ti lè wọlé, ó gba Telegram lọ. Ti òmíràn, olè ló gba fóònù ádímìn lọ́wọ́ rẹ̀ ní ibùdókọ̀.

Ohun tí wọ́n ń fi sílẹ̀ ju “ẹ kú ọdún” àti àdúrà òwúrọ̀ lọ. Orúkọ àwọn tó dáwó kànga ẹlẹ́rọ wà níbẹ̀, pẹ̀lú iye tí oníkálukú san. Ìpinnu lórí ilẹ̀ ọjà wà níbẹ̀. Fọ́tò ìsìnkú àwọn tó ti lọ wà níbẹ̀. Bàbá kan tó ti dolóògbé lè ti fi ohùn ara wọn ki oríkì ìlú níbẹ̀, tí kò sí ẹni tó tún lè kì í bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé.

Kì í ṣe kíkó ló ń ba irú ẹrù bẹ́ẹ̀ jẹ́. Ohun méjì ló ń bà á jẹ́: a kò yan ẹnikẹ́ni sídìí rẹ̀, a kò sì ní ju ẹ̀dà kan lọ.

Àwọn baba wa mọ ti àkọ́kọ́ dunjú. Nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé tú ní àwọn ọdún 1830, tí Aláàfin Àtìbà sọ Àgọ́-Ọ̀jà di Ọ̀yọ́ tuntun, ilé àti odi di ahoro. Ìtàn kò bá wọn di ahoro, nítorí pé arọ́kin wà láàfin. Wọn kò sọ pé kí gbogbo ìlú máa rántí. Wọ́n ní àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ìrántí, nígbà tí ààfin sì ṣí, iṣẹ́ náà bá a ṣí.

Ẹ̀kọ́ kejì wà nínú ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Àlùfáà Samuel Johnson, tó gbọ́ púpọ̀ nínú ìtàn tó kọ lẹ́nu àwọn arọ́kin yẹn. Ọdún 1897 ló parí ìwé ńlá rẹ̀ lórí ìtàn Yorùbá, ó sì fi ránṣẹ́ sí àwọn òǹtẹ̀wé nílùú Òyìnbó. Ibẹ̀ ni ìwé náà sọnù sí. Johnson kú ní 1901, kò fojú kan iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ní títẹ̀. Ohun tó kó ìtàn náà yọ ni àwọn àkọsílẹ̀ àti ìwé àkọ́kọ́-kọ tó wà nílé. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, jókòó tì wọ́n, ó sì tún gbogbo rẹ̀ kọ. Wàhálà kò tíì tán. Ọkọ̀ òkun Appam tó gbé ìwé náà lọ ní 1916 bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun Jámánì lójú agbami, Amẹ́ríkà ni wọ́n wà á lọ. Ọdún 1921 ni ìwé náà tó jáde. Obadiah fúnra rẹ̀ ti kú ní ọdún tó ṣáájú. Ìwé tí gbogbo wa ń fi ṣẹ̀rí lónìí, bí kì í bá ṣe ìwé àkọ́kọ́-kọ tó wà nílé ni, a ò bá má gbúròó rẹ̀.

Ẹni tó bá ní ayé kọ̀ǹpútà yàtọ̀, kó wo Nairaland, ojúde ìfọ̀rọ̀wérọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí Seun Osewa dá sílẹ̀ ní 2005. Ní oṣù kẹfà ọdún 2014, àwọn ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì wọ inú kọ̀ǹpútà tó gbé e, wọ́n pa ohun tó wà níbẹ̀ rẹ́, wọ́n sì pa ẹ̀dà tí wọ́n fi pamọ́ síbẹ̀ rẹ́ pẹ̀lú. Ẹ̀dà tó wà níbòmíràn ni wọ́n fi gbé e dìde, kò sì ṣeé ṣe kí gbogbo rẹ̀ padà. Ẹ̀dà méjì tó wà lábẹ́ òrùlé kan, ẹ̀dà kan ni.

Bí ẹgbẹ́ yín bá ń gbèrò àtikó, ẹ jẹ́ ká ti ibi pẹlẹbẹ mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ.

Èkíní, ẹ má tíì kéde. Àìtètè mólè ni olè ń mólóko. Kí líǹkì tuntun tó jáde, ẹ ti yan ẹni méjì tí yóò kó ẹrù àtijọ́. Kì í ṣe ẹni tó mọ fóònù tẹ̀ jù ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá, bí kò ṣe ẹni tó ti wà lójú òpó náà láti ìbẹ̀rẹ̀, tí kò sì tíì pààrọ̀ fóònù lọ́nà tó sọ ọ̀rọ̀ àtijọ́ nù. WhatsApp kì í tọ́jú ọ̀rọ̀ tó ti dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín. Orí fóònù àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló wà. Ẹni tó wọlé lọ́dún tó kọjá kò lè ní ohun tí wọ́n sọ lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn. Ẹ wò ó pẹ̀lú bóyá ẹnìkan ti tan ètò tó ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ pa ara rẹ̀ rẹ́. Ẹ pa á kíákíá.

Èkejì, kí ẹni tí ẹ yàn rí i pé òun ti fi orúkọ sí nọ́mbà gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀. Tí ẹ bá tẹ “Export chat”, fóònù á kó gbogbo ọ̀rọ̀ sínú fáìlì kan, pẹ̀lú ọjọ́ àti àkókò. Ṣùgbọ́n ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí lórí fóònù náà, nọ́mbà rẹ̀ nìkan ni yóò hàn. Lọ́jọ́ iwájú, ẹlòmíràn á ti gba nọ́mbà yẹn, ẹnikẹ́ni kò sì ní mọ ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà mọ́. Bákan náà, ọ̀rọ̀ 10,000 tó kẹ́yìn ni WhatsApp ń kó jáde tí fọ́tò àti fídíò bá wà níbẹ̀, tàbí 40,000 tí ẹ bá yọ wọ́n kúrò. Ẹgbẹ́ tó bá máa ń sọ̀rọ̀ púpọ̀, kó má ṣe dúró dọjọ́ kíkó. Kó máa ṣe é lọ́dọọdún.

Ẹ̀kẹta, ẹ fún àwọn nǹkan iyebíye lórúkọ. Ohùn Bàbá tí mo sọ níṣàájú, tí ẹ bá wá a nínú fóònù, orúkọ tí ẹ máa rí lè jẹ́ PTT-20190414-WA0007.opus. Ọjọ́ nìkan ni ìyẹn sọ. Kò sọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, kò sọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ẹ yí i padà: “Oríkì ìlú, láti ẹnu Bàbá Lágbájá, 14 oṣù kẹrin 2019.” Ẹ jókòó ti àwọn àgbà tó ṣì wà, kí wọ́n bá yín tọ́ka sí àwọn tó wà nínú fọ́tò. Fọ́tò tí ẹnikẹ́ni kò tíì tẹ̀ kó wálẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ lè má ṣí mọ́. Ẹ bẹ ẹni tó fi í ránṣẹ́ kó tún un fi ránṣẹ́.

Ẹ̀kẹrin, ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹ fi ẹ̀dà sí ibi mẹ́ta: ọ̀kan lórí kọ̀ǹpútà akọ̀wé, ọ̀kan lórí fláàṣì lọ́dọ̀ alága, ọ̀kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì lábẹ́ ímeèlì tó jẹ́ ti ẹgbẹ́, tí ó kéré tán ẹni méjì mọ ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀. Ààyè ọ̀fẹ́ tí Google ń fúnni jẹ́ 15GB, ó tó gbé ọ̀rọ̀ àti fọ́tò ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́. Ẹ má gbọ́kàn lé ẹ̀dà tí WhatsApp ń ṣe fúnra rẹ̀ lóru. Nọ́mbà ẹnìkan ṣoṣo ló so mọ́, kò sì jẹ́ ti ẹgbẹ́. Ìpinnu tó bá kan owó tàbí ilẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, kí alága àti akápò buwọ́ lù ú.

Ẹ̀karùn-ún, gbogbo ohun tójú rí kọ́ lẹnu ń sọ. Láti oṣù kìíní ọdún 2021 ni Telegram ti ń gba ọ̀rọ̀ tí wọ́n kó láti WhatsApp wọlé, gbogbo ẹni tó bá sì wà nínú ojú òpó tuntun ló lè kà á. Ìyẹn dára, ó sì léwu. Ìwé àyẹ̀wò aláìsàn tí ẹgbẹ́ dáwó fún, ìjà tọkọtaya tí àwọn àgbà parí, nọ́mbà báǹkì èèyàn: ẹ yọ wọ́n kúrò nínú ẹ̀dà tí gbogbo ayé máa rí. Ẹ sọ fún ẹgbẹ́ ohun tí ẹ fẹ́ gbé lọ, kí ẹni tó bá ní àwíjàre wí i.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣe èyí tán, ẹ wá kéde. Ẹ fi ojú òpó àtijọ́ sílẹ̀ fún oṣù díẹ̀, kó jẹ́ ádímìn nìkan ló lè kọ nǹkan síbẹ̀, kí líǹkì tuntun sì wà níbẹ̀ fún àwọn tó pẹ́ dé.

Àwọn kan á ní kí ló dé tí a fi ń da ara wa láàmú. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Mo mọ ohun tó ń sún wọn sọ bẹ́ẹ̀, torí ìjà wà nínú ọ̀rọ̀ àtijọ́, ẹnikẹ́ni kò sì fẹ́ tún un gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ẹni tó jẹ ẹgbẹ́ lówó náà fẹ́ràn ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀tun. Ẹni tó fẹ́ gba ilẹ̀ ẹgbẹ́ fẹ́ràn rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Ẹgbẹ́ tí kò bá ní ẹ̀yìn tó lè wò, àgbà kò sí níbẹ̀.

Ẹ̀yin alága àti akọ̀wé, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sínú ètò ìpàdé yín tó ń bọ̀, ì báà jẹ́ pé ẹ ò gbèrò àtikó rárá. Kẹ́ ẹ tó gbàdúrà ìparí, ẹ ti dárúkọ àwọn tí yóò ṣe é, ẹ sì ti dá ọjọ́ tí wọn yóò jábọ̀ fún wọn.