Ẹ Fi Fáìlì Àkọ́kọ́ Sílẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi tó ń ṣiṣẹ́ máàpù ní Dublin, mo ń rí i lemọ́lemọ́: skíríìpù yín ń kọ àbájáde lé fáìlì àkọ́kọ́ lórí. Tó bá ṣàṣìṣe, kí lẹ máa padà sí?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ojúlówó pamọ́. Kí àbájáde ní fódà tirẹ̀. Kí ẹ sì yẹ ibi tí Spire tó wà ní O'Connell Street bọ́ sí nínú àbájáde náà wò. Nọ́ńbà ìlà-oòrùn rẹ̀ lórí Irish Grid àtijọ́ ni 315904. Lórí ITM, ètò tuntun tó jáde ní 2001, 715830 ni. Mo ti rí ẹni tó kàn pààrọ̀ orúkọ ètò náà láti Irish Grid sí ITM láì yí nọ́ńbà padà: gbogbo ilé Dublin bọ́ sínú Òkun Àtìláńtíìkì. Ìgbà tí Spire bá dúró sáàyè rẹ̀ ni kí ẹ tó fọwọ́ kan àṣẹ -overwrite inú ogr2ogr, irinṣẹ́ tó ń yí fáìlì máàpù padà.