Ẹ Kan Èèkàn Kí Ẹ Tó Ya Pìláànù

Nínú oṣù Ẹ̀bìbí yìí, wọ́n pè mí kí n wá wo iṣẹ́ etí omi kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ní apá ọ̀dọ̀ wa ní Ọ̀jọ́. Ìńtàlọ́ọ̀kì pupa wà nílẹ̀, iná sólà tò lọ rẹrẹ, ògiri kọ́ńkéré gíga dojú kọ ọ̀sà. Àgbà kan dìde, ó yin àwọn ọ̀dọ́ tó ya pìláànù náà, ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ni wọ́n fi yà á. Gbogbo èrò pàtẹ́wọ́. Èmi kò pàtẹ́wọ́, torí bàtà mi ti wọnú omi. Omi náà kò ti inú ọ̀sà wá o. Ẹ̀yìn ògiri ló dúró sí. Òjò òru àná ló ń wá ọ̀nà lọ sínú ọ̀sà tí kò rí, nítorí wọn kò lu ihò kankan sára ògiri, wọ́n sì ti fi ìńtàlọ́ọ̀kì bo ẹnu gọ́tà.

Mo bi ọ̀kan nínú wọn pé, "Níbo ni èèkàn yín wà?" Ó ní, "Bàbá, èèkàn wo, sà?" Ó na fóònù sí mi, kí n wo àwòrán etí omi náà tí wọ́n yà láti ojú ọ̀run. Àwòrán náà dára. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n yà á, ìgbà ẹ̀rùn sì ni.

Ẹ̀yin ọmọ mi, n kò ní kọ́ yín ní ohun tí ẹ ti kọ́ ní yunifásítì. Èèkàn ni mo ń bẹ̀ yín lé lórí: igi kan tí a fi ọ̀bẹ sàmì sí lára, tí a kàn mọ́ ẹsẹ̀ omi, tí ẹnìkan ń wò láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ fún ọdún kan gbáko, kí ẹnikẹ́ni tó fa ìlà sórí ìwé.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ọdún kan? Ọ̀sà yìí kì í jẹ́ bákan náà láti oṣù dé oṣù. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ló ń kún, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń fà. Ní oṣù Òkúdu, òjò tiwa ló ń lé e. Tó bá di Ọ̀wàrà, bí ojú ọ̀run tilẹ̀ mọ́ kedere lórí Òkókómáíkò, omi ṣì lè gòkè, nítorí òjò tó rọ̀ lókè lọ́hùn-ún ti gba odò Yewa, odò Òwò àti ọ̀sà Ológè dé ọ̀dọ̀ wa. Nígbà ẹ̀rùn, iyọ̀ òkun á wọlé, ewéko tó léfòó lójú omi á kú. Ewéko yẹn kò sí níbí rí. 1984 ló ti apá Àjàṣẹ́ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ gba ojú omi wọ Àgbádárìgì. Ó máa ń dí ẹnu gọ́tà àti jẹ́tì pa. Èwo nínú yín ló fi àyè sílẹ̀ fún un nínú pìláànù rẹ̀?

Ìbàdàn ni mo ti kọ́ṣẹ́ pìláànù yíyà. Ní ọjọ́ 31 oṣù Ògún, 1980, odò Ògùnpa ya wọ ìgboro, ẹ̀mí tó bá a lọ ju 100 lọ. Nígbà tí omi fà, ọ̀gá mi mú mi dání, ó ní kí n mú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́. Ẹrẹ̀ ti fa ìlà sára ògiri tó ṣẹ́kù. Ó ní kí n máa fi ṣọ́ọ̀kì tẹ̀ lé ìlà ẹrẹ̀ náà láti ilé dé ilé. Ní ilé kan, obìnrin kan jáde wá, ó ń wò wá, kò sọ̀rọ̀. Bàtà ọmọdé kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀gá mi ṣí fìlà. Nígbà tí a kúrò níbẹ̀ ló tó sọ pé, "Ní 1978, odò yìí ti fi ibi tó ń dé hàn wá. Kò sẹ́ni tó sàmì sí i." Títí di òní, bí mo bá rí ṣọ́ọ̀kì, obìnrin yẹn ni mo ń rí.

Èèkàn àkọ́kọ́ tí èmi fúnra mi kàn sí etí omi Ọ̀jọ́, Alábà Ràgó ni mo ti rà á. Ràgó, àgbò ni lédè Haúsá. Ibi tí wọ́n bá ti ń ta àgbò, èèkàn kì í wọ́n níbẹ̀. Màláàmù tó tà á fún mi bi mí pé àgbò mélòó ni mo fẹ́ so. Mo ní omi ni mo fẹ́ fi wò. Nígbà tó di Ọ̀wàrà, àmì tó ga jù lọ lára igi náà rì pátápátá. Ibi tí mo pè ní ilẹ̀ nínú pìláànù mi, inú omi ló wà. Mo sún gbogbo ìlà ṣọ́ọ̀bù sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ méjìlélógún. Inú kọńgílá kò dùn sí mi, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù wọ̀nyẹn ṣì gbẹ.

Èèkàn yẹn náà ló jẹ́ kí n mọ àwọn tó ni etí omi. Ẹni tó bá ń wo omi láago mẹ́fà àárọ̀ á rí àwọn apẹja Ẹ̀gùn tó ń kó àwọ̀n wálé, á rí ibi tí ìyá ẹlẹ́ja ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ kó tó gbé agbọ̀n rẹ̀ sókè. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ wá mọ ògiri sí.

Àwa Àwórì, ẹ gbọ́ orúkọ wa. Ìtàn ní Ọlọ́fin gbé àwo lé ojú omi, ó ń tẹ̀ lé e lọ títí ó fi rì ní Ìṣẹ́rí. Àwọn tó tẹ ìlú wa dó jẹ́ kí omi kọ́kọ́ sọ tirẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kọ̀ǹpútà, kí ló ń lé yín?

Iṣẹ́ ń bọ̀ rẹpẹtẹ. Ọkọ̀ ojú irin tó ń ná Marina sí Mile 2 láti 2023, Òkókómáíkò ni wọ́n ṣètò pé yóò dé. Bó bá dé, gbogbo olówó ni yóò fẹ́ kọ́ ǹkan sétí ọ̀sà.

Ògiri yẹn ṣì ṣeé tún ṣe. Kí Ọ̀wàrà tó dé, ẹ lu ihò sí i lára, ẹ ṣí ẹnu gọ́tà, kí ẹ sì fi ilẹ̀kùn tó ń ṣí síta nìkan sí i. Bí ẹnu gọ́tà bá rẹlẹ̀ ju ibi tí omi ń kún dé, tí kò sì ní ilẹ̀kùn, ọ̀sà á gba inú rẹ̀ wọ ìlú. Ẹ la àtẹ̀gùn fún àwọn ẹlẹ́ja. Mo ti kan èèkàn kan síbẹ̀, ní ẹsẹ̀ ògiri lápá òsì jẹ́tì. Ẹ wá bá mi níbẹ̀ láago mẹ́fà àárọ̀, kí ẹ mú ìwé àti gègé lọ́wọ́.