Kí Ẹ Tó Kọ̀wé sí Geneva

Tíṣà, òbí àti àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké tó fẹ́ kí wọ́n máa kọ́ ọmọ ní ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn nílé ìwé ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Bí ọ̀rọ̀ ò bá yanjú lọ́dọ̀ kọmíṣánà fún ètò ẹ̀kọ́ ní ìpínlẹ̀ yín, ọ̀nà kan tún wà tó gba ọ̀dọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní Geneva, àjọ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ilẹ̀ Áfíríkà ní Banjul tàbí ilé-ẹjọ́ ECOWAS ní Abuja kọjá. Ọ̀nà gidi ni, ó sì ti ṣiṣẹ́ fún àwọn mìíràn. Àmọ́ àwọn kan ti lọ, báàgì àpérò àti fọ́tò nìkan ni wọ́n mú bọ̀, torí wọn ò mọ ohun tí wọ́n lọ béèrè.

Ṣe: Ẹ kọ́kọ́ wá ohun tí ìjọba yín ti fọwọ́ sí. Àdéhùn Áfíríkà lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn, ti 1981, ní abala 25 tó sọ pé ojúṣe ìjọba ni láti fi ẹ̀kọ́ àti ìwé títẹ̀ jẹ́ kí aráàlú mọ ẹ̀tọ́ wọn. Nàìjíríà sọ àdéhùn náà di òfin ilé ní 1983. Àdéhùn Àgbáyé lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọdé jáde ní 1989, Nàìjíríà sì tẹ́wọ́ gbà á ní 1991. Abala 42 rẹ̀ ní kí ìjọba jẹ́ kí tàgbà tèwe mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ kì í ṣe alágbe níwájú kọmíṣánà, gbèsè lẹ lọ béèrè.

Má ṣe: Ẹ má fi àdéhùn tí ìjọba kan kò fọwọ́ sí tán dẹ́rù bà á. Ẹ̀yin ará wa ní Amẹ́ríkà, ìjọba yín buwọ́ lu àdéhùn ẹ̀tọ́ ọmọdé ní 1995, àmọ́ wọn ò tíì gbà á wọlé títí di òní. Ẹ wá nǹkan mìíràn dì mú. Ti Britain yàtọ̀, wọ́n ti gbà á láti 1991.

Ṣe: Ẹ yọjú sí ẹ̀yìn ibodè. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè Benin ti 1990, abala 40, kò fi igbá kan bọ̀kan nínú. Ó ní ìjọba gbọ́dọ̀ kọ́ aráàlú ní ìwé òfin náà, Ìkéde Káríayé lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti 1948 àti Àdéhùn Áfíríkà. Ó ní ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn gbọ́dọ̀ wọnú ètò ẹ̀kọ́ ní gbogbo ìpele ilé ìwé, títí dé ibi tí wọ́n ti ń kọ́ sójà. Ó tún ní kí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n máa fi àwọn èdè ilẹ̀ náà ṣàlàyé rẹ̀, Yorùbá sì wà lára wọn. Mi ò sọ pé gbogbo ilé ìwé Benin ló ń ṣe é o. Ohun tí mo ń sọ ni pé òbí tó wà ní Kétu tàbí Sákétẹ́ ní abala tó lè nàka sí.

Òbí tó wà ní Ìmẹ̀kọ ní Nàìjíríà, tí kò jìnnà púpọ̀ sí Kétu, kò ní irú rẹ̀. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 fi ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ sí orí kejì, abala 6 sì ti sọ tẹ́lẹ̀ pé kí ilé-ẹjọ́ má dá sí ohun tó wà ní orí náà. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti di ti òde.

Ṣe: Ẹ rántí ilé-ẹjọ́ ECOWAS. Láti 2005 ni aráàlú ti lè gbé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn lọ síbẹ̀ tààrà, láìjẹ́ pé ó ti kọ́kọ́ rìn dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù nílé. SERAP, ẹgbẹ́ tó fìdí kalẹ̀ sí Èkó, gbé ìjọba Nàìjíríà lọ síbẹ̀ lórí ẹ̀kọ́. Orí kejì yìí náà ni ìjọba sá sí. Lóṣù Kẹwàá 2009, ilé-ẹjọ́ ní kò kan àwọn. Àdéhùn Áfíríkà ti fún ọmọ ní ẹ̀tọ́ láti kàwé, ìyẹn ti tó.

Ẹ tún wo Sierra Leone. Ní 2015, nígbà tí ilé ìwé padà ṣí lẹ́yìn oṣù tó pọ̀ tí Ebola fi tì í pa, ìjọba kéde pé ọmọbìnrin tó bá lóyún kò gbọdọ̀ bá ẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó ní kíláàsì, kò sì gbọdọ̀ ṣèdánwò. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ibẹ̀ kan, WAVES, ló pe ẹjọ́ níbẹ̀ náà, àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn Equality Now àti IHRDA tó wà ní Banjul sì gbè é lẹ́yìn. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá 2019, ilé-ẹjọ́ ECOWAS dá wọn láre. Lóṣù Kẹta 2020, ìjọba fagi lé òfin náà. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ìdájọ́ yẹn ni pé kò dúró sórí kí wọ́n ṣí géètì nìkan. Ó ní kí ìjọba ṣe ìpolongo káàkiri orílẹ̀-èdè láti yí ojú tí aráàlú fi ń wo àwọn ọmọ náà padà. Ẹ̀kọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn nìyẹn, látẹnu adájọ́.

Má ṣe: Ẹ má rò pé ìdájọ́ ti parí ọ̀rọ̀. Nígbà tí ẹjọ́ SERAP parí ní 2010, wọ́n ní kí ìjọba àpapọ̀ dí owó ẹ̀kọ́ tí àwọn kan ti jí kó, kí ó má baà di pé ọmọ ló máa jìyà rẹ̀. Ẹ gba abẹ́ afárá èyíkéyìí l'Ékòó kọjá láago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Tuesday, ẹ ó rí ọmọ tó ń ta omi inú ọ̀rá. Ẹ mú ẹ̀dà ìdájọ́ lọ bá aṣòfin tó ń jókòó lórí ìṣúná ẹ̀kọ́, kẹ́ ẹ sì padà lọ lọ́dún tó ń bọ̀.

Má ṣe: Ẹ má kọ́ ẹ̀tọ́ pẹ̀lú pàṣán lọ́wọ́. Tíṣà lè kọ "Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn" gàdàgbà sójú pátákó, kí ẹgba wà lórí tábìlì rẹ̀, kí ọmọ mẹ́ta sì kúnlẹ̀ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ọwọ́ lókè, torí owó PTA tí òbí wọn kò tíì san. Kí ni àwọn tó ń da ọ̀rọ̀ náà kọ sínú ìwé ń kọ́ lọ́jọ́ yẹn? Ìkéde tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe ní 2011 lórí ẹ̀kọ́ yìí pín in sí mẹ́ta: kí ọmọ mọ ẹ̀tọ́; kí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ́ ọ bọ̀wọ̀ fún ẹ̀tọ́ tíṣà àti tọmọ; kí ọmọ lè lo tirẹ̀, kó sì gbèjà tẹlòmíràn. Ìkejì yẹn ni kì í wọ̀ wá lára.

Òfin ìwà ọ̀daràn àtijọ́ tí ìpínlẹ̀ púpọ̀ ní gúúsù Nàìjíríà jogún ṣì gba tíṣà láyè, ní abala 295, láti fi ẹgba tọ́ ọmọ sọ́nà. Abala 28 àdéhùn 1989 sì ní kí ìbáwí ilé ìwé má tàbùkù ọmọ. Òfin méjèèjì ò lè jọ dúró. Irú èyí ló yẹ kó wà nínú lẹ́tà tí ẹ ń kọ sókè òkun. "Ẹ gbà wá o" kò wúlò fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Ṣe: Ẹ fún àwọn àgbà lésì. Wọ́n á ní ẹ fẹ́ ba ọmọ jẹ́, pé ọmọ tó mọ ẹ̀tọ́ kò ní kí èèyàn mọ́. Ẹ má bá wọn jà. Ẹ ṣí àdéhùn tí ilẹ̀ Áfíríkà ṣe fún ọmọdé ní 1990, kẹ́ ẹ ka abala 31 sí wọn létí: ọmọ gbọ́dọ̀ bọ̀wọ̀ fún òbí àti àgbà nígbà gbogbo, kó sì ràn wọ́n lọ́wọ́ nígbà ìṣòro. Mo ti rí i tí ojú rọ̀ lórí abala yẹn nìkan.

Ṣe: Ẹ lo ìwé tó ti wà ní Yorùbá. Ìkéde Káríayé ti 1948 wà ní èdè tó lé ní 500, Yorùbá ò gbẹ́yìn, ọ̀fẹ́ sì ni. Abala 30 ló ní, ẹ má kà á tán lọ́jọ́ kan. Ẹ mú abala 24, tó sọ̀rọ̀ ìsinmi àti fàájì, kẹ́ ẹ ní kí àwọn ọmọ prámárì 5 sọ ohun tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn ilé ìwé. Èyí tó ń kiri ọjà títí ilẹ̀ á fi ṣú yóò ní ọ̀rọ̀ láti sọ, kẹ́ ẹ sì múra láti gbọ́ ọ.

Má ṣe, ní kúkúrú: Ẹ má gbé fọ́tò ọmọ tí wọ́n nà sórí Facebook, kódà bí ẹ bá fi nǹkan bo ojú rẹ̀, yúnífọ́ọ̀mù nìkan ti tó láti tú u fó. Ẹ má buwọ́ lu lẹ́tà ẹgbẹ́ mìíràn láìkà á. Ẹ má jẹ́ kí ẹni tó fún yín lówó bá yín yan ẹ̀sùn. Ẹ má dúró de ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá, Ọjọ́ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn, kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀, ariwo máa ń pọ̀ jù lọ́jọ́ náà.

Ṣe: Ẹ kọ ìwé yín fún àyẹ̀wò Geneva, kó sì ṣe ṣókí. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́rin àbọ̀ sí ara wọn ni àwọn orílẹ̀-èdè inú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ń yẹ ara wọn wò níbẹ̀ lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Ó kan Nàìjíríà lóṣù Kìíní 2024. Ẹgbẹ́ kan ṣoṣo lè fi ìwé tí kò ju ọ̀rọ̀ 2,815 ránṣẹ́, àwọn tó bá para pọ̀ sì ní 5,630. Àṣẹ ni, wọn kì í fojú fò ó. Ọ̀pọ̀ oṣù ṣáájú ìjókòó ni ọjọ́ tí wọ́n ń gbà á máa ń kọjá lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí àwọn ẹ́ńbásì ní Abuja, torí àwọn orílẹ̀-èdè ló ń dá àbá, kì í ṣe ẹgbẹ́. Aṣojú wọn kò ní àyè púpọ̀ láti sọ̀rọ̀ ní Geneva, nítorí náà, ẹ fún un ní gbólóhùn kan tó lè kà jáde bó ṣe wà: "Kí Nàìjíríà fi ẹ̀kọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn sínú ohun tí wọ́n ń kọ́ gbogbo ẹni tó ń ṣe tíṣà, kó sì fòpin sí ẹgba nílé ìwé." Bí ìjọba bá gba àbá náà, ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, kẹ́ ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ kọmíṣánà fún ètò ẹ̀kọ́ ní ìpínlẹ̀ yín, kẹ́ ẹ sì ní kó kọ ọjọ́ tó máa bẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé náà.