ÀDÁ ONÍKÙN FÚN ẸNI TÓ Ń SÙN LÓKO

Ẹ̀kọ́ tòní dá lórí àdá. Ẹ má rẹ́rìn-ín pé, "Ta ni kò mọ àdá?" Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé ọjà, tí ẹ bá àdá mẹ́wàá nílẹ̀, èwo ni ẹ óò mú? Kí ni ẹ óò wò lára rẹ̀ kí ẹ tó sanwó?

Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ ló ní oko méjì. Oko etílé wà nítòsí. Ènìyàn lè jáde láàárọ̀, kí ó sì wálé kí oòrùn tó wọ̀. Oko egàn jìnnà. Ẹni tó bá lọ síbẹ̀ á sùn nínú abà fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹrù tí èèyàn lè gbé lọ kò pọ̀, nítorí náà ohun èlò kan ní láti ṣe iṣẹ́ mẹ́fà. Àwọn òyìnbó tó ń pàgọ́ sínú igbó fún fàájì pàápàá ń wá irú ohun èlò bẹ́ẹ̀. Owó ńlá ni wọ́n fi ń ra ọ̀bẹ tó tẹ̀, tó sì yọ ikùn. Àwọn ará Nepal ní tiwọn, kukri ni wọ́n ń pè é. Àwa náà ní tiwa, òun ni àdá oníkùn.

Ẹ wò ó dáadáa. Ó tín-ín-rín níbi èèkù. Bí ó ti ń lọ síwájú ni ó ń fẹ̀ sí i, títí yóò fi yọ ikùn bí ẹja tó kún fún ẹyin. Ẹnu rẹ̀ tẹ̀, kò gún bíi rúlà.

Kí ni ikùn náà wà fún? Ẹ rántí òòlù. Orí rẹ̀ ló wúwo, kì í ṣe igi tí a fi ń dì í mú. Nítorí náà ni ó fi ń gbá ìṣó wọlé. Bẹ́ẹ̀ náà ni àdá oníkùn. Ìwúwo rẹ̀ wà níwájú. Bí ẹ bá gbé e sókè, tí ẹ sì jẹ́ kí ó sọ̀ kalẹ̀, ìwúwo náà á bá yín ṣe nínú iṣẹ́ ọ̀hún. Títí di ìrọ̀lẹ́, apá kò ní ro yín púpọ̀.

Títẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ lọ wo àwọn alápatà ní ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́. Alápatà kì í fi ọ̀bẹ tẹ ẹran mọ́lẹ̀ lásán, ń ṣe ló ń wọ́ ọ. Bí ó bá wọ́ ọ báyìí, ẹran á là. Ẹnu àdá tó tẹ̀ ń wọ́ ara rẹ̀ ni. Ojú kan ló kọ́kọ́ kan igi, ìyókù á wá yọ̀ tẹ̀lé e. Àdá tó gún gbọọrọ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ibi púpọ̀ lára rẹ̀ ló ń kan igi lẹ́ẹ̀kan náà, agbára apá á sì fọ́n ká.

Ẹ má fi í wé dòjé o. Dòjé náà tẹ̀, ṣùgbọ́n inú ni ẹnu tirẹ̀ wà, ó ń kó koríko jọ bó ti ń gé e. Ẹni tó fẹ́ gé koríko bẹẹrẹ láti fi bo abà, dòjé ló dára fún un. Koríko yìí kan náà ni àwọn ìlú máa ń kó wá fún Aláàfin láyé àtijọ́ nígbà ọdún Bẹẹrẹ.

Ní abà, àdá oníkùn ló ń gé igi tí iṣu yóò fà mọ́. Òun náà ló ń la igi ìdáná. A fi ń ṣán koríko àyíká abà, kí ejò má baà rí ibi sá pamọ́ sí. Ikùn rẹ̀ tó fẹ̀ lè gbẹ́ ihò kékeré, ó sì lè wa ẹyin iná jáde lábẹ́ ìkòkò. Bí ẹ bá di ọrùn rẹ̀ mú nítòsí èèkù, ẹ lè fi bẹ iṣu, bí kò tilẹ̀ rọrùn bí ọ̀bẹ ìdáná.

Láyé àtijọ́, ilẹ̀ wa ni irin àdá ti ń jáde. Ní ọdún 1904, òyìnbó kan tí ń jẹ́ Bellamy kọ̀wé nípa ilé ìyọ́rin kan ní agbègbè Ọ̀yọ́, níbi tí wọ́n ti ń yọ́ òkúta irin nínú ìléru alámọ̀. Irin òkè òkun ló pa iṣẹ́ yẹn. Lẹ́yìn náà ni àdá Martindale láti Birmingham, tí ó ní àwòrán ọ̀nì lára, gba ọjà Áfíríkà. Lónìí, irin sípíríìnì lábẹ́ ọkọ̀ ẹrù ni ọ̀pọ̀ alágbẹ̀dẹ fi ń rọ àdá. Irin náà dára gan-an, bí alágbẹ̀dẹ bá mọ bí a ti ń rì í bọ omi. Bí ó bá le jù, ẹnu rẹ̀ á máa ya. Bí ó bá rọ̀ jù, á máa tẹ̀.

Àwọn ọmọ wa lo àdá lọ́nà jíjìn. Láàárín ìparí 1943 àti ìbẹ̀rẹ̀ 1944, ní ogun Bọ́mà, àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti ìpín 81 la ọ̀nà jíìpù gba orí òkè àti inú igbó lọ sí àfonífojì Kaladan. Ọ̀nà náà gùn tó nǹkan bíi máìlì 75. Ọmọ Nàìjíríà wà nínú wọn.

Ọ̀rọ̀ pípọ́n wá kù. Àárín àdá nìkan ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń pọ́n, nítorí ibẹ̀ ló rọrùn. Lẹ́yìn ọdún méjì, ikùn á ti jẹ tán, àdá á wá rí bí òṣùpá tó kù díẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọrùn, kí ẹ tẹ̀ lé títẹ̀ rẹ̀ dé ṣóńṣó. Bí iṣẹ́ bá tán, ẹ nù ún, kí ẹ fi àdín díẹ̀ pa á lára nítorí ìpẹtà.

Àdá tó kú ló léwu jù. Ẹni tó mú un á fi agbára jù ú, á yọ̀ lára igi, ó di ojúgun! Kò sì sí nọ́ọ̀sì ní abà. Bí ó bá ṣẹlẹ̀, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ọgbẹ́ náà pinpin títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi dá. Ẹ fi omi mímọ́ àti ọṣẹ wẹ̀ ẹ́. Ẹ má fi erùpẹ̀ tàbí ìgbẹ́ màlúù sí i láéláé. Kòkòrò àìsàn tẹ́tánọ́ọ̀sì, tí ń mú kí àgbọ̀n gan pa, inú ilẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹran ló ń gbé. Kì í ṣe ìpẹtà ló ń bí i, bí àwọn kan ti ń sọ. Àìsàn yìí ń pa èèyàn, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ wà tí í dènà rẹ̀. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, bí ọgbẹ́ tilẹ̀ kéré. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, láti 1907 tí Dókítà George Green ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwòsàn fún ìjọ Onítẹ̀bọmi ni àgbẹ̀ ti ń rí ibi gbé irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ.

ÌBÉÈRÈ

Kí ló dé tí àdá oníkùn kì í tètè mú apá ro èèyàn?
Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ẹnu àdá àti ẹnu dòjé?
Ẹ mú àdá ilé yín wá. Ṣé ikùn rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀?